Lẹ́tà sí èmi ọmọ ọdún 11 tí kì í sùn lóru

Ìwọ tèmi,

Mo mọ ibi tó o wà báyìí. Orí ẹní lo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì Àǹtí Tíṣà nílé wọn ní Ọ̀mù-Àrán, Dìsẹ́ńbà 1998, ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, NEPA ti mú iná lọ, o wá ń ka bí wọ́n ṣe ń mí. Tí èémí yẹn bá pẹ́ díẹ̀ kó tó padà wá wàá dìde jókòó, wàá na ọwọ́ sí imú wọn. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tó o dé ọ̀dọ̀ wọn, o sì ti gbọ́ ohun tí ẹnì kan sọ nídìí kànga pé fòníkú-fọ̀ládìde, àìsàn ẹ̀jẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní sickle cell, ló ń ṣe tíṣà yẹn, pé kò lè pẹ́ láyé.

Sùn jàre. Ọdún 18 ṣì wà nílẹ̀ fún wọn. Wọ́n á fi 10 nínú ẹ̀ parí iṣẹ́ tíṣà, wọ́n á rìtáyà ní 2008 lẹ́yìn ọdún 35, wọ́n á tún wá lo ọdún 8 gbáko lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọdún 8 yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ẹ sọ, torí o máa fi èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ ṣọ́ wọn bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Tílẹ̀ bá mọ́, bi wọ́n léèrè. Wọn ò ní bínú. Èmi ò bi wọ́n títí mo fi dé JSS2, ó sì ti pẹ́ jù fún ẹni tí ò rí oorun sùn. Wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ èèyàn, wóró-wóró tíntìntín ló wà nínú ẹ̀, pé tìẹ rí róbótó, ó ń yí gba inú iṣan kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, tàwọn ní tiẹ̀, tí omi ara bá dín tàbí òtútù bá mú, á tẹ̀ bíi dòjé, wọ́n á wá há mọ́ra wọn bí àwọn obìnrin tó ru igi ìdáná ní ìbú tí gbogbo wọn fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tó bá ti há ni ìrora ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ni o, ẹ̀yìn ni o, àyà ni o. Wọ́n ní tìẹ á lò tó 120 ọjọ́ kó tó kú, tàwọn kì í ju 10 sí 20 lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń gbé fólíkì mì láràárọ̀, kí ara lè rí nǹkan fi ṣe ẹ̀jẹ̀ tuntun, Palúdírìn sì wà fún ibà. Kẹ́ẹ̀gì omi tí wọ́n ń gbé káàkiri yẹn náà, oògùn ni.

Ìyá wọn bí ọmọ méjì ṣáájú wọn, méjèèjì kú, bí wọ́n ṣe sọ Àǹtí lórúkọ àbíkú nìyẹn, irú orúkọ tí wọ́n fi ń bẹ ọmọ pé kó jọ̀ọ́, kó dúró, kó jayé. Ìgbà tí wọ́n wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tíṣà, dókítà kan sọ fún bàbá wọn lójú wọn pé ọmọ yìí ò ní kọjá ọdún 21, kó má fowó sùkúù ṣòfò. Bàbá náà lọ san owó sùkúù yẹn. Mi ò mọ bàbá yẹn rí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an.

Mi ò ní parọ́ fún ẹ o. Kíráísìsì, ìgbà tí ìrora yẹn bá dé tó le gan-an, a máa mú wọn burúkú burúkú. O máa gbọ́ tí wọ́n ń ké bí ọmọdé, wàá fi ike omi gbígbóná sí ẹsẹ̀ wọn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láti 2003 ọ̀pá ni wọ́n á máa fi rìn, torí ẹ̀jẹ̀ ò dé orí egungun ìdí wọn dáadáa, egungun yẹn ń kú díẹ̀díẹ̀. Ọjọ́ mìíràn wọ́n á ní kí Ọlọ́run kúkú máa mú àwọn lọ. Tó bá di ọjọ́ kẹta wọ́n á ní kó o lọ ra wàrà wá kó o bá àwọn dín in, wọ́n á tan Radio Kwara, wọ́n á máa bá ẹni tó ń ka ìròyìn jiyàn bíi pé pálọ̀ wọn ló jókòó sí.

Lẹ́yìn rìtáyà, ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kọ́ àwọn obìnrin ọjà ní ìwé àti ìṣirò lábẹ́ máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ọjọ́ tí ìyá aláta kan kọ́kọ́ kọ orúkọ ara ẹ̀ sínú ìwé àjọ, ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, làwọn náà bá kúnlẹ̀ fún un, pẹ̀lú ìdí tó ń ro wọ́n yẹn, èèyàn méjì ló gbé wọn dìde. Wọ́n tún ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ẹ̀wà funfun kan àti pupa kan á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, bẹ́ẹ̀ náà lọ́wọ́ òsì, wọ́n á ní kí ọmọge kan dijú mú ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Bàbá AS, ìyá AS nìyẹn, àwọn tó gbé àìsàn yìí sára láìjẹ́ pé ó ń ṣe wọ́n, pupa méjì ni SS, àìsàn náà gan-an, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin. Wọ́n á wá gbé ohùn sókè pé oyún kọ̀ọ̀kan, ẹ ó tún un mú lákọ̀tun ni o, kò sí pé ti àkọ́kọ́ ti gba ti ìkejì jẹ!

Ọ̀rọ̀ Èsìẹ́, ìlú kan nítòsí Ọ̀mù-Àrán, gan-an ló jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tí Àǹtí fi ère òkúta Èsìẹ́ kọ́ ọmọ níwèé, pé òyìnbó alábòójútó sùkúù CMS, ìyẹn ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ṣọ́ọ̀ṣì, kan, Ramshaw, ló ròyìn ẹ̀ fáyé ní 1933, pé ní 1945 wọ́n kọ́ mùsíọ́ọ̀mù síbẹ̀, àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n sì máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn ọmọ létí pé àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ ère wọn kí òyìnbó kankan tó dé. Àwọn fúnra wọn ò débẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò jìnnà. Dìsẹ́ńbà 2011 wọ́n ní, "Bá mi lọ." Mo ní ọyẹ́ ti le jù, ẹ jẹ́ kó di oṣù kẹrin. Wọ́n wò mí, wọ́n ní ó dáa.

Ọjọ́ kejì wọ́n wọ súwẹ́tà méjì, sọ́ọ̀sì ọkùnrin, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì omi, wọ́n pe ọlọ́kadà kan tí wọ́n kọ́ ní prámárì 4, wọ́n lọ. Ìgbà tí wọ́n dé, eruku ti sọ ìpéǹpéjú wọn di funfun, wọ́n ń sọ̀rọ̀ bí ọmọ tó bọ̀ láti ìrìn àjò kíláàsì, àwọn ère tó jókòó sórí àpótí, àwọn tó mú idà lọ́wọ́, ọ̀kan tí irun ẹ̀ jọ bí ìyá wọn ṣe máa ń dirun. Lóru ọjọ́ kejì kíráísìsì dé, ọjọ́ márùn-ún la lò lọ́sibítù. Mo fẹ́ la ẹnu, wọ́n ní, "Má sọ ọ́. Ìrora yìí, bí mo lọ bí mi ò lọ, màá jẹ ẹ́. Èsìẹ́ yẹn, tí mi ò bá lọ, mi ò bá má rí i."

Oṣù kẹrin dé, ó kọjá. A ò jọ lọ rárá. Wọ́n kú ní oṣù kẹjọ 2016, lẹ́ni ọdún 66, nínú òjò, kì í ṣe nínú ọyẹ́ tó ń bà ẹ́ lẹ́rù yẹn.

Torí náà, tí wọ́n bá ní kó o bá àwọn lọ, ohun tó o máa sọ ni "Ó yá mà." Súwẹ́tà kejì wà nínú àpótí, lábẹ́ aṣọ òkè wọn. Kó o jẹ́ kí wọ́n jókòó sáàárín ìwọ àti ọlọ́kadà, ibẹ̀ ló móoru jù.

Èmi náà ni.