Síkí, wọ́n ní kí n wá wọn ògiri

Síkí ọ̀rẹ́ mi,

Àsàlámù àlékúmù o. Ṣé dáadáa lo wà? Òtútù Laleli ní Istanbul ńkọ́? Tí mo bá pè ọ́ lórí WhatsApp, a ò ní tíì kíra tán tí oníbàárà á fi dé, wàá ní "Sìdí, mò ń bọ̀," ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́. Kà á tí o bá ti ti ṣọ́ọ̀bù.

Mọ́ṣáláṣí wa ni o. Alága kọmitíì dá mi dúró lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ó ní kí n mú téèpù wá, kí n wá wọn ògiri iwájú láti òkè délẹ̀. Táìlì ni wọ́n fẹ́ fi bò ó. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Láti ìgbà tí dọ́là ti gun òkè àjà ni ọjà táìlì wa ní Orílé ti dákẹ́. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ kejì, mo ti ṣírò èrè mi tán.

Ọmọ tó ń bá mi tajà ló gun àkàbà, èmi di orí téèpù mú nísàlẹ̀. Ó ké sí mi, ó ní, "Màmá, ògiri yìí ò tẹ́jú o, táìlì ò lè dúró." Kò mà tẹ́jú lóòótọ́. Àwọn òdòdó sìmẹ́ǹtì yẹn ni, èyí tí bàbá bàbá rẹ ṣe nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé. Bíríkìlà tó tẹ̀lé alága wá ní kò sí wàhálà, àwọn á gé gbogbo rẹ̀ dànù. Síkí, ewé kan wà lápá òsì fèrèsé àkọ́kọ́ tí ojú àtàǹpàkò ṣì hàn lára rẹ̀, bí ẹni fi ìka tẹ ẹ̀kọ wò bóyá ó ti dì. Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ ewé yẹn wọlé, mi ò rí i rí. Mo ti àtàǹpàkò tèmi bọ̀ ọ́. Ó wọ̀ ọ́ gẹ́lẹ́. Mo ní kí ọmọ yẹn sọ̀ kalẹ̀, mo ní òòrùn ti mú jù.

Táìlì nìkan kọ́ o. Wọ́n tún fẹ́ gbé dóòmù lé e lórí, aláwọ̀ wúrà. Agbaṣẹ́ṣe fi fọ́tò rẹ̀ hàn wá lórí fóònù. Ike ni! Mo ní kí ló máa gbé e dúró, ó ní kò wúwo, bóòtì làwọn máa fi dè é mọ́ déékì. Ìyẹn kì í ṣe òrùlé, fìlà ni. Mọ́ṣáláṣí kan nítòsí wa dé irú fìlà bẹ́ẹ̀. Tí òjò bá ti ń rọ̀, ẹsẹ̀ dóòmù lomi ń gbà wọlé; báàkẹ́ẹ̀tì méjì ló máa ń wà ní sàfù kejì.

Ìwọ lo kúkú fà á tí mo fi mọ̀ ju báyìí lọ. Ọdún tí mo ṣì ń ta aṣọ, tí mo wá kó ọjà lọ́dọ̀ rẹ, o mú mi lọ sí mọ́ṣáláṣí Süleymaniye, o sì ń kánjú torí kágò. Èmi ò kánjú. Mo gbójú sókè títí ọrùn fi ń ro mí. Sinan, ayàwòrán-ilé tó kọ́ ọ, bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1550, ó parí rẹ̀ ní 1557, dóòmù yẹn ga tó mítà 53. Ohun tó ń yà mí lẹ́nu títí dòní ni pé òpó mẹ́rin ló wà nísàlẹ̀, wọ́n sì gbé ohun roboto lé e bí igbá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Báwo ni roboto ṣe ń jókòó sórí onígun mẹ́rin? Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ti ṣe é. Rántí bí ìyá mi ṣe máa ń gé aṣọ onígun mẹ́ta sí abíyá bùbá kó má baà ya. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe mọ igun kọ̀ọ̀kan, ó fẹ̀ lókè, ó tín-ín-rín nísàlẹ̀, ó ń da ẹrù lọ sórí òpó. Dóòmù tún máa ń fẹ́ ti ògiri síta, ni wọ́n bá fi ààbọ̀ dóòmù méjì tì í, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Táìlì gan-an, ògiri Kíbílà tí a ń kọjú sí kírun nìkan ni mo ti rí i níbẹ̀.

Mọ́ṣáláṣí Rüstem Paşa, ní Istanbul náà, ni wọ́n ti da táìlì tí wọ́n ṣe ní İznik bo gbogbo ara ilé. O rántí? Èmi ni mo fọwọ́ kan pupa yẹn, tó yọ sókè lára táìlì bí ẹ̀jẹ̀ tó dì, tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ fi kígbe mọ́ mi. Orí ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n kọ́ mọ́ṣáláṣí yẹn sí, owó ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Mo sọ èyí fún kọmitíì, wọ́n ní mo fẹ́ sọ ilé Ọlọ́run di ọjà.

Alága ní ilé wa jọ ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey l'Ékòó ńkọ́, tí wọ́n ṣí ní 1894? Ṣebí João Baptista da Costa, Àgùdà, ló kọ́ ọ. Ti Porto-Novo ńkọ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bahia ní Brazil bí ìbejì? Ó ní Porto-Novo kì í ṣe Mẹ́kà, irú ti Istanbul làwọn fẹ́. Mo ní, "Alága, Ayasofya ni Sinan wò kó tó kọ́ Süleymaniye, ṣọ́ọ̀ṣì sì ni Ayasofya nígbà tí wọ́n ṣí i ní 537." Gbogbo ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n lọ jókòó.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n sì fẹ́ kó àwa obìnrin sí. Ìyá Sùnnà ní tó bá jẹ́ àtẹ̀gùn yẹn ni, ibẹ̀ lòun á ti bá Ọlọ́run lọ, kí wọ́n kàn wá kírun sí òun lára. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n orúnkún mi náà ti ń dún.

Rísì ti bí ọkùnrin. Kábírù tún JAMB ṣe, ó yege. Wọ́n gbé tiransifọ́mà àdúgbò lọ, wọn ò tíì dá a padà.

Ọ̀rọ̀ tí mo ń yí ká nìyí. Owó tí o fi ránṣẹ́ nígbà Rámàdánì, tí o ní kí wọ́n fi tún mọ́ṣáláṣí ṣe, òun ni wọ́n fẹ́ fi ra táìlì. Jọ̀ọ́, fi ohùn ránṣẹ́ sí alága. Má kọ ọ́, ohùn ni, torí ó máa ń gbé ohùn sétígbọ̀ọ́ gbogbo ènìyàn. Sọ pé ògiri Àgùdà lo ní lọ́kàn, pé kí wọ́n dí ibi tó ti sán, kí wọ́n pààrọ̀ pákó fèrèsé tí ikán ti jẹ. Mo ti rí àgbà bíríkìlà kan ní Pópó Àgùdà tó ní òun lè tún òdòdó tó ti já ṣe. Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìrun Àsírì ni ìpàdé.

Ó ku ọ̀kan. Wọ́n ti fún mi ní àsansílẹ̀ nínú owó yẹn, mo sì ti fi san owó ṣọ́ọ̀bù. Lánlọ́ọ̀dù ti fẹ́ fi àgádágodo sí i ni. Màá dá a padà díẹ̀díẹ̀, o mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí alága gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ kí n tó sọ ọ́ fúnra mi.

Tí o bá ráyè, ya fọ́tò igun Süleymaniye yẹn fún mi, ibi tó rí bí abíyá bùbá. Igun ni mo sọ, kì í ṣe ojú rẹ. Mo ti fi ti ewé yẹn ránṣẹ́ sí ọ. Àtàǹpàkò mi ló wà nínú rẹ̀, má wo èékánná mi.

Èmi ni tìrẹ,
Sìdí