Lẹ́tà sí Àkànní lórí fótò ìgbéyàwó Àjàní

Ìbàdàn

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ o. Ṣé dáadáa lo wà, ṣé òtútù Kánádà ò mú ọ jù? Màmá mi ní kí n bi ọ́ bóyá o ti ń rí èlùbọ́ gidi rà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó Àjàní ni mo fi ń kọ̀wé. Apá rẹ̀ ò ká owó onífótò, ó wá kó gbogbo rẹ̀ lé mi lọ́wọ́: ìdána, ṣọ́ọ̀ṣì àti àríyá. O ní kí n fi owó àjọ mi ra kámẹ́rà tuntun. Mo ti rò ó dáadáa, mi ò ní rà á. Lóòótọ́, ọdún 2011 ni Canon 600D mi yìí jáde, àmọ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá ti tó o, fótò rẹ̀ ṣì dára gan-an, èèyàn lè tẹ̀ ẹ́ ní ńlá kó gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló wọ́n wa, ibẹ̀ ni màá ná owó sí.

Lẹ́ǹsì 18-55mm tó bá kámẹ́rà wá, bí mo bá fà á dé 50mm, f/5.6 ni ojú rẹ̀ lè là mọ (bí nọ́ńbà ẹ̀yìn f bá ṣe kéré tó ni ojú lẹ́ǹsì ṣe ń là tó). Lẹ́ǹsì 50mm f/1.8 kékeré tí Canon ń ṣe, tó wà lára àwọn tí owó wọn kéré jù nínú lẹ́ǹsì wọn, ìmọ́lẹ̀ tó ń gbà wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́wàá ti èyí. Ìlọ́po mẹ́wàá, Àkànní! Àlùfáà ti kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan fíláàṣì nígbà tí wọ́n bá ń jẹ́ ẹ̀jẹ́. Lẹ́ǹsì yìí ló máa jẹ́ kí n ya ojú ìyàwó láìjẹ́ pé fótò rí wúruwùru. Ó gba sùúrù ṣá o. Bí mo bá ṣí i dé f/1.8 láti ìtòsí, ẹyinjú á mọ́ kedere, etí á ti rí bàìbàì. Bí ọkọ bá sún sẹ́yìn díẹ̀, ojú ìyàwó nìkan ló máa hàn dáadáa. Fún àwọn méjèèjì, f/2.8 ni màá lò.

Ojú tí 600D fi ń gba àwòrán kéré, torí náà 50mm lára rẹ̀ a máa mú nǹkan sún mọ́ni bíi 80mm lára kámẹ́rà fíìmù. Ó dára fún ojú èèyàn àti gèlè, àmọ́ kò lè ya ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà tí Àjàní àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá nà gbalaja níwájú àwọn àna, tí alága ìjókòó ní kí wọ́n tún un ṣe, ibo ni mo fẹ́ fà sẹ́yìn sí lábẹ́ kánópì? Àga ló wà níbẹ̀, agbọ̀n èso, àti àwọn àǹtí pẹ̀lú fóònù wọn. Lẹ́ǹsì àtijọ́ náà ni màá fi ya ìyẹn, ní 18mm tó ń gba nǹkan púpọ̀ sínú fótò. Ọ̀sán gangan ni, ìmọ́lẹ̀ á tó.

Mo sì ti ń bẹ ẹbí ìyàwó kí wọ́n gba kánópì funfun. Kánópì aláwọ̀ ewé a máa da àwọ̀ rẹ̀ sórí gbogbo ojú tó bá wà lábẹ́ rẹ̀. Bàbá ìyàwó ti dàgbà gan-an, fótò ibi tí wọ́n ti máa gbé ọwọ́ lé ọmọ wọn lórí ṣàdúrà ló jẹ mí lógún jù, mi ò fẹ́ kí ojú wọn rí bíi ti aláìsàn nínú rẹ̀.

Fún àríyá, fíláàṣì Yongnuo àlòkù ti tó. Mo ti lọ wo gbọ̀ngàn náà, àjà rẹ̀ funfun, kò sì ga jù. Màá kọ orí fíláàṣì sókè kí ìmọ́lẹ̀ lu àjà kó tó bọ́ sára èèyàn. Tí mo bá kọjú rẹ̀ sí wọn tààrà, iwájú orí á máa dán, òjìji dúdú á sì dúró sẹ́yìn gèlè. Bí mo bá ń lo fíláàṣì, mi ò sì ní jẹ́ kí ìyára kámẹ́rà kọjá 1/200 ìṣẹ́jú àáyá, kí òkùnkùn má baà bo apá kan fótò.

Lẹ́ǹsì 50mm náà, àlòkù ni màá rà. Tan tọ́ọ̀ṣì fóònù gba ẹ̀yìn rẹ̀, kí o wò ó láti iwájú: bí nǹkan bá ta nínú rẹ̀ bí òwú aláǹtakùn, dígí ti ń hu olú nìyẹn. Mo rí irú rẹ̀ kan ní Dùgbẹ̀, ẹni tó ń tà á já owó rẹ̀ lulẹ̀, mi ò dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí oòrùn bá ti rọ̀, a ó lọ sí Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Àrẹ, kí àwọn òrùlé páànù pupa Ìbàdàn lè wà lẹ́yìn wọn. Ibẹ̀ ò nílò fíláàṣì kankan.

Ihò káàdì kan péré ló wà lára 600D, nítorí náà ìdána á ní káàdì tirẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì á ní tirẹ̀, àríyá á ní tirẹ̀. Èyí tí mo bá yọ, àpò ṣòkòtò mi ló ń lọ, kì í ṣe báàgì tí ẹnikẹ́ni lè gbé. Ẹ̀gbọ́n kan ní Bódìjà sì ti gbà láti yá mi ní kámẹ́rà kejì, torí bí tèmi bá kú láàárín ẹ̀jẹ́, wọn ò ní tún ẹ̀jẹ́ jẹ́ nítorí mi.

Ohun tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún ò ju bátìrì lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀ wálé, fi LP-E8 méjì rán sí mi, ojúlówó Canon ni o, torí ayédèrú pọ̀ lọ́jà. Jẹ́ kí n tètè gbọ́ bóyá wọ́n lè dé ṣáájú ìdána, kí n lè mọ̀ bóyá kí n wá ti ẹlòmíràn yá.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ọmọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàó