Láti Máa Ro Ó, Àti Láti Máa Ṣọ́ Ọ

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ọ̀sẹ̀ yìí o. Ìwé Ìfihàn ni mo fẹ́ kọ lé lórí tẹ́lẹ̀, mo ti gbé e tì ná. Oorun ò kùn mí láti ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹ sì mọ ìdí ẹ̀: ọmọ Sọ́ńdè sùkúù wa kan bẹ àgbà kan pé kó má ju lọ́rà píọ̀ wọ́tà sí gọ́tà, àgbà náà fọ́ ọ létí, ariwo sọ lẹ́nu ọ̀nà, ẹnì kan sì ní kí tíṣà má kọ́ àwọn ọmọ ní ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ mọ́.

Ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 2:15. Ọlọ́run fi Ádámù sínú ọgbà “láti máa ro ó, àti láti máa ṣọ́ ọ.” Gbogbo ìgbà tí mo bá kà á, ro nìkan ni mo máa ń rí, torí ọmọ àgbẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ọkọ́ ń fi ẹ̀yìn èèyàn ṣe. Ṣọ́ ńkọ́? Òun náà ló wà nínú olùṣọ́-àgùntàn tí ẹ ń pè mí yìí. Òun náà ni iṣẹ́ ọdẹ tí à ń sanwó fún ní gééètì. Tí ọdẹ bá wá ń dáná sun ilé tá a ní kó máa ṣọ́ ńkọ́? Ẹ tún wò ó dáadáa, nígbà tí Ọlọ́run gbé iṣẹ́ yìí lé Ádámù lọ́wọ́, ejò ò tíì débẹ̀, kò sẹ́ni tó tíì dẹ́ṣẹ̀, kò sí tẹ́ńpìlì, kò sí òfin mẹ́wàá. Ẹni tó wá ní kí tíṣà Sọ́ńdè sùkúù fi ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ sílẹ̀ kó lọ kọ́ ọmọ ní Bíbélì, Bíbélì wo ló ń kà?

Kí ni wọ́n kúkú kọ́ àwọn ọmọ? Wọ́n ní èéfín mọ́tò, ti jẹnẹrétọ̀, ti gáàsì tí wọ́n ń sun níbi tí wọ́n ti ń wa epo, ó ń gòkè lọ bo ayé bíi kúbùsù, ooru ò wá ráyè jáde. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó bá wà n'Íbàdàn lọ́jọ́ 31 oṣù Kẹjọ 1980 tí odò Ògùnpa ya wọ ìgboro, tó kó èèyàn tó lé ní 100 lọ, kò yẹ kó máa béèrè ohun tó kan Ọlọ́run nínú lọ́rà píọ̀ wọ́tà. Ní 26 oṣù Kẹjọ 2011, omi tún dé, òkú tún lé ní 100. Òjò yẹn pọ̀ lóòótọ́. Ta ló da pàǹtí dí ojú odò? Ta ló kọ́lé sétí ẹ̀? Ṣé ọmọ ọdún méje ni?

Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n tí ọmọdé bá kúnlẹ̀ tó ní “ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jù ú sí gọ́tà,” àrífín kọ́ nìyẹn, ìfọ́tí kọ́ sì ni èsì ẹ̀. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Ẹ sì fi ariwo ẹnu ọ̀nà sílẹ̀, ilé Ọlọ́run kì í ṣe gáréèjì.

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ má tíì pàtẹ́wọ́. Mo gbọ́ pé ọmọ kan ń jí lóru, ó ń bi ìyá ẹ̀ bóyá omi máa gbé ilé wọn lọ. Ẹrù àgbà kọ́ là ń gbé ru ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi. Ẹ jẹ́ kó gbin ewédú sínú agolo kó máa bomi rin ín, kó mọ orúkọ igi tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Lẹ́tà tí àwọn ọmọ kọ sí alága káńsù yẹn dáa gan-an, mo rí i, wọ́n ya alága pẹ̀lú ṣọ́bìrì lọ́wọ́, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Èmi náà ò mọ́ o. Ẹ̀yìn ilé míṣọ́n ni mo ti ń sun lọ́rà láti ọjọ́ yìí, tí màá tún máa wúkọ́. Mo ti ṣíwọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì dùn, bàbá mi lẹ ṣì jẹ́. Máńgòrò tí gbogbo wa ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ nígbà ìkórè, ọwọ́ ta ló gbìn ín, nígbà tí ibí yìí ṣì jẹ́ igbó? Àwọn ọmọ ò mọ̀. Ẹ wá sọ fún wọn ní Sọ́ńdè, mo ti fi àga sílẹ̀ fún yín.

Àyè ti fẹ́ tán. Gbálẹ̀-gbáta ni Sátidé, aago méje, ẹ mú àdá àti ṣọ́bìrì wá. Ẹgbẹ́ akọrin, Tọ́sìdeè ni ìdánrawò o, kì í ṣe Wẹ́sìdeè mọ́. Ìpàdé àwọn ìyá ti yẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tó fi ìdérí kúlà funfun sílẹ̀ ní kíṣìnnì, ó wà lọ́dọ̀ ìyàwó mi.