Lẹ́tà sí Wàsíù: Bob Green àti àwọn ẹṣin Belle Meade

Nashville, Tennessee

Wàsíù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Àlàájì ńkọ́, ṣé ara le? Ìyàwó àtàwọn ọmọ ńkọ́? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, òtútù nìkan ló ti ń yọjú.

Fọ́tò Ojúde Ọba tí o fi ránṣẹ́ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, tí mo bá ti fẹ́ mu omi ni mo ń rí yín. Àlàájì gun ẹṣin funfun yẹn bí ẹni pé wọn ò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Gàárì pupa, ìjánu tí wọ́n fi ìlẹ̀kẹ̀ ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, gbogbo ẹ̀ wú mi lórí. Àmọ́ ọkùnrin kan wà lápá òsì nínú fọ́tò náà, òun ló di ìjánu mú. Ó kẹ̀yìn sí kámẹ́rà. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ àti ọwọ́ rẹ̀ kan la rí. Nítorí ọkùnrin yẹn ni mo ṣe jókòó kọ ìwé yìí sí ọ.

Sátidé tó kọjá mi ò lọ síbi iṣẹ́, ni mo bá wa ọkọ̀ lọ sí Belle Meade. Kò jìnnà sí ilé mi rárá, ó sì ti tó ọdún mẹ́fà tí mo ti ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá láì yà. Ohun tí mo rò ni pé ilé olówó ayé àtijọ́ kan lásán ni, kí ló kàn mí níbẹ̀? Mo ti wá rí i pé mo ṣe àṣìṣe.

Oko ẹṣin ni ibẹ̀, Wàsíù. Láyé ọjọ́un, ó wà lára àwọn tó lókìkí jù lọ ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1807 ni John Harding ra 250 éékà ilẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní Natchez Trace. Ilé kékeré kan tí wọ́n fi ìtì igi kọ́ ló bá lórí ilẹ̀ náà, ó ṣì dúró títí di báyìí, mo fọwọ́ kan án. Ọmọ rẹ̀, William Giles Harding, ló wá sọ ibẹ̀ di ńlá. Nígbà tó gbòòrò tán, ilẹ̀ yẹn tó 5,400 éékà. Ní 1853 ó tún ilé ńlá náà kọ́, ó sì gbé òpó òkúta gìrìwò sí iwájú rẹ̀. Ihò ọta ìbọn wà lára àwọn òpó yẹn, ti ogun abẹ́lé wọn, nígbà tí àwọn ọmọ ogun kojú ara wọn nínú ọgbà ilé náà ní oṣù Kejìlá 1864. Ìka mi kan wọ inú ọ̀kan nínú àwọn ihò náà. Òkúta ibẹ̀ ti dán, àfi bíi pé ọ̀pọ̀ ìka ti wọ ibẹ̀ kí tèmi tó débẹ̀.

Bí o bá wọ inú ilé, àwòrán ẹṣin ni yóò kọ́kọ́ kí ọ. Ara ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀ kún fún un. Ẹṣin kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ, wọ́n sì mọ bàbá rẹ̀, wọ́n mọ ìyá rẹ̀, wọ́n mọ ìyá tó bí ìyá rẹ̀. Ká má parọ́, oríkì ni wọ́n fún àwọn ẹṣin yẹn. Bonnie Scotland, akọ ẹṣin tí wọ́n bí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n rà wá síbẹ̀ ní 1872. Secretariat, ẹṣin tó gba ife-ẹ̀yẹ eré ẹṣin ńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní Amẹ́ríkà ní 1973, ọmọ ìran rẹ̀ ni. Iroquois náà wá gbé ibẹ̀, òun ni ẹṣin àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà tó gbégbá orókè nínú eré ẹṣin Derby ní Epsom, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1881. Ọdún 1886 ni ọ̀gágun William Hicks Jackson, ọkọ ọmọbìnrin Harding, rà á. Ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1899.

Wàyí o. Ní 1860, ènìyàn 136 ni Harding fi ṣe ẹrú lórí ilẹ̀ yìí. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba ka iye ẹrú tó wà lórílẹ̀-èdè náà. Orúkọ olówó wọn ni wọ́n kọ sókè. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n kọ ọjọ́ orí, wọ́n kọ bóyá akọ ni tàbí abo, wọ́n kọ àwọ̀ ara. Wọn kò kọ orúkọ wọn. Mo dúró sí ọ̀ọ̀dẹ̀ yẹn láàárín àwọn ẹṣin tí a mọ ìyá ńlá wọn, inú mi kò dùn rárá. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn ẹṣin.

Ta ló ń tọ́jú àwọn ẹṣin wọ̀nyí? Ta ló ń jí láàárọ̀ kùtùkùtù fún wọn ní oúnjẹ, tó ń gbẹ̀bí abo ẹṣin lóru, tó mọ èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro? Àwọn ènìyàn wa ni. Olórí wọn sì ni ọkùnrin tí mo fẹ́ kí o mọ̀: Robert Green, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Bob Green. Ọdún 1839 ni wọ́n mú un dé oko náà, ọmọdé ni, ẹrú sì ni. Inú ilé ẹṣin ló dàgbà sí. Nígbà tó fi di géńdé, kò sí ẹni tó mọ ẹṣin bíi tirẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí òmìnira dé, ó dúró, àmọ́ owó ni wọ́n ń san fún un báyìí. Òun ló ń fa àwọn akọ ẹṣin olówó iyebíye jáde tí àlejò bá wá wò wọ́n. Àwọn tó wá ra ẹṣin láti ìlú òkèèrè mọ̀ ọ́n. Ilé onítì-igi tí mo sọ fún ọ yẹn, ibẹ̀ lòun àti ìdílé rẹ̀ gbé.

Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó kọjú sí wa.

Ìwọ mọ̀ jù mí lọ pé ẹṣin kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń kàn dáwọ́ lé. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ìgbàanì pàápàá, òkè ọya ni wọ́n ti ń ra tiwọn, tí ẹṣin bá sì wọ inú igbó wa báyìí, eṣinṣin tó ń gbé àìsàn kiri á pa á. Ẹni tó bá mú ẹṣin yè ní Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ ńlá ló ṣe. Ǹjẹ́ o rántí bàbá arúgbó tó wà ní àgbàlá yín nígbà tí a wà ní kékeré? Màì-dókì là ń pè é. Tí iléyá bá ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, a ó lọ bá a ní ẹ̀yìnkùlé, á jẹ́ ká bá òun po dúsà, èèrí ọkà tí ẹṣin ń jẹ, mọ́ omi. Mo ṣì ń rí i lójú mi: tí ojú ẹṣin bá ń ṣepin, etí agbádá ara rẹ̀ ló fi ń nù ún, díẹ̀díẹ̀, á sì máa bá a sọ̀rọ̀ ní èdè Hausa bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Bẹ́ẹ̀ agbádá kan ṣoṣo ló ní. Nígbà tí ẹṣin dúdú yẹn kú, ọjọ́ méjì ni kò fi jẹun.

Màì-dókì kì í ṣe orúkọ, Wàsíù, ẹlẹ́ṣin ló túmọ̀ sí ní èdè Hausa. Bí ìgbà tí ènìyàn pe dókítà ní dókítà ni. Àwa méjèèjì ò bi í léèrè rí.

Jẹ́ kí n parí ti Belle Meade. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Gbèsè wọlé dé, ọ̀gágun Jackson kú ní 1903, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ náà ní wẹ́wẹ́. Ilé àwọn olówó ló kún orí rẹ̀ báyìí. Ọdún 1906 ni Bob Green kú. Ó ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sin òun sí Belle Meade, wọ́n sì ṣe é fún un. Àwọn kan gbà pé ìfẹ́ olówó rẹ̀ ló fà á. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin tó ti fi ọdún mẹ́tàdínláàádọ́rin gbẹ̀bí ẹṣin sórí ilẹ̀ kan, ilẹ̀ rẹ̀ ni, ìwé yòówù tí ì báà wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ní 1953 ìjọba ìpínlẹ̀ Tennessee ra ilé náà àti ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù, wọ́n fi lé ẹgbẹ́ kan tó ń tọ́jú ohun àtijọ́ lọ́wọ́. Kò tó 40 éékà ló kù nínú 5,400. Wọ́n ń ta wáìnì níbẹ̀ láti fi rí owó tọ́jú ilé. Àwọn kan ń kùn sí i, àmọ́ òrùlé tó ń jò kò mọ̀ pé owó wáìnì ni wọ́n fi tún òun ṣe. Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé àbẹ̀wò ọ̀tọ̀ wà báyìí tó dá lé ìtàn àwọn tó jẹ́ ẹrú níbẹ̀ nìkan, Journey to Jubilee ni wọ́n ń pè é. Ìyẹn ni mo bá lọ. Obìnrin tó mú wa káàkiri ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọ́n ti rí, ó ń pe é jẹ́jẹ́. Susanna wà níbẹ̀, olórí àwọn tó ń tọ́jú ilé. Ọkùnrin àgbàlagbà kan nínú wa ṣí fìlà.

Mo ṣì fẹ́ lọ sí Lexington ní Kentucky, níbi tí wọ́n sin Isaac Murphy sí. Ọmọ aláwọ̀ dúdú ni, ẹṣin ló ń gùn sáré, ó gba eré ẹṣin Kentucky Derby ní 1884, 1890 àti 1891. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yẹn ní 1875, mẹ́tàlá nínú àwọn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó gun ẹṣin ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Síbẹ̀ wọn ò mọ ibi tí sàréè Murphy wà mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, àfi ìgbà tí oníròyìn kan fi sùúrù wá a rí. Ní 1967 wọ́n gbé òkú rẹ̀ kúrò níbẹ̀, ọgbà ẹṣin ńlá tí wọ́n ń pè ní Kentucky Horse Park ló wà báyìí.

Wàsíù, mo bẹ̀ ọ́, bá mi bi Àlàájì kí ni orúkọ Màì-dókì, ìlú wo ló ti wá, ibo ni wọ́n sin ín sí. Àwọn nìkan ló kù tó lè mọ̀ ọ́n. Bi wọ́n ní àárọ̀, lẹ́yìn asùbáà, nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì jí pépé, kí o sì gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù.

Ẹni tó di ìjánu mú nínú fọ́tò ńkọ́? Òun ṣì wà láyé, ìwọ fúnra rẹ lè lọ bi í. Mo ti yọ fọ́tò náà kúrò lára fíríìjì, mo ti kọ orúkọ Àlàájì àti ọdún sẹ́yìn rẹ̀. Mo fi ìlà kan sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, tirẹ̀ ni mo ń retí.

Bá mi kí gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Débọ̀