Ìdákẹ́jẹ́ òru ni ariwo tèmi

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Láfẹ́nwá níhìn-ín l'Abẹ́òkúta ni wọ́n bí mi sí, nítòsí ibùdó rélùwéè. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọkọ̀ ojú irin á fọn fèrè kọjá lóru, n kò ní yíra padà. Lónìí, kí omi kán tó lẹ́ẹ̀kan péré sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ti jí.

Ata lílọ̀ ni mo fi jẹun. Ọdún 1994 ni mo ra ẹ̀rọ ìlọta àkọ́kọ́, mi ò sì fi í sílẹ̀ títí di 2021 tí orúnkún ní òun ò dúró mọ́. Ẹ́ńjìnnì dísù ni, ẹ̀gbẹ́ mi ló máa ń wà láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀. Bí oníbàárà bá ní kí n fi àlùbọ́sà sí i, ẹnu rẹ̀ ni mo fi ń mọ ohun tó wí.

Mo rò pé etí mi á sinmi. Irọ́ ni. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, tí fáànù dúró, tí àwọn ará ilé kejì pa jẹnẹrétọ̀ wọn, tí gbogbo ibi pa lọ́lọ́, ìgbà yẹn gan-an ni tèmi ń bẹ̀rẹ̀: wííí, bí ẹ̀fọn tó há sétí. Ìró kékeré tó bá já lu ìdákẹ́jẹ́ náà á dún bí ìbọn. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyàwó ọmọ mi ro láfún tán, ó fi ọmọrogùn gbá etí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta bí gbogbo wa ti í ṣe. Mo jágbe mọ́ ọn débi tó fi sunkún. Láti ọjọ́ náà ló ti ń yọ́ rìn nínú ilé bí olè. Ìyẹn dùn mí ju etí lọ.

Aládùúgbò kan ní wọ́n ń pe orúkọ mi lóru ni, kí n má dáhùn. (Ẹni tó ń pè mí lóròòru láti ọjọ́ yìí kò rẹ̀ ẹ́ ni?) Èmi náà ra òwú, mo fi dí etí méjèèjì. Ó burú sí i.

Dókítà elétí ló là mí lọ́yẹ. Ó bi mí bóyá etí kan ṣoṣo ni, bóyá ó ń lù kìkìkì bí àyà, bóyá mò ń lo kuníìnì tàbí aspirin, torí àwọn náà lè mú etí hó. Ó fi iná wo inú rẹ̀, kò sí ìdọ̀tí tó dí i. Ó ní àwọn irun tíntìntín kan wà nínú etí lọ́hùn-ún tó ń gba ìró fún ọpọlọ. Ẹ̀rọ ti pa púpọ̀ nínú tèmi, wọn kì í sì í hù padà. Ọpọlọ wá ń ṣe bí ẹni tó yí rédíò sókè nígbà tí stéṣọ̀n jìnnà: ṣááá ló ń gbé wá, èyí tó bá sì wọlé á bú gbàmù. Òwú tí mo fi dí i, ńṣe ló jẹ́ kí ó tún yí i sókè. Ó ní kí n má sùn nínú ìdákẹ́jẹ́ pátápátá mọ́.

Mo gbé rédíò oníbátìrì olóògbé ọkọ mi jáde. Mo fi í sáàárín stéṣọ̀n méjì, mo fi ìró àdìrẹ wé e, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ṣáá rẹ̀ kò bo wíí náà mọ́lẹ̀, ó kàn jókòó tì í ni, mo sì ń sùn. Mo ti bẹ ìyàwó mi. Bó bá ro oúnjẹ tán báyìí, á ké láti ilé ìdáná: "Ìyá, mo fẹ́ gbá ìkòkò o!" Tí mo bá ti mọ̀ pé ó ń bọ̀, kì í já mi láyà.

Ọmọkùnrin tó wà nídìí ẹ̀rọ ìlọta mi báyìí ló kù. Dókítà ní bí èèyàn bá ní láti pariwo kí ẹni tí kò jìnnà ju ìná ọwọ́ kan lọ tó lè gbọ́ ọ, ariwo ibẹ̀ ń jẹ etí. Mo ra ìbòtí tó ń dín ariwo kù, irú ti àwọn oníṣẹ́ sọ́mílì, fún un. Ọrùn ló ń fi kọ́ bí ṣéènì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wá dókítà elétí kan tó máa kọ ọ̀rọ̀ yìí ní Yorùbá sínú ìwé ìròyìn yín, kí n lè gé e lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnnì.

Èmi ni,
Ìyá Ọlọ́ta,
Láfẹ́nwá, Abẹ́òkúta.