Owó Náà Padà Wá

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Owó tí a fi ránṣẹ́ sí ọ ti padà wá. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni ọmọbìnrin ilé ìfowóránṣẹ́ pè mí, ó ní iye ọjọ́ tí wọ́n fi sí i ti pé, ẹnikẹ́ni kò wá gbà á. Mo ní kó ka orúkọ rẹ sí mi létí, lẹ́tà kan tẹ̀lé èkejì, bóyá èmi ni mo ṣì í kọ. N kò ṣì í kọ. Ìwọ tí owó oṣù kì í sùn mọ́jú lọ́dọ̀ wọn kí o tó kọ̀wé pé, "Mo ti rí i gbà, Màámi, ẹ ṣeun," kí ló wá dì ọ́ lọ́nà tó báyìí?

Àtẹ̀jíṣẹ́ mẹ́rìnlá ni mo ti kọ sí ọ lórí WhatsApp. Gbogbo wọn ló ti di búlúù. O ń kà wọ́n, o kò sì fèsì. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé o wà láàyè. Mo ń dúpẹ́, inú sì ń bí mi. Mo mọ̀ pé aago Mòsáńbíìkì, níbi tí o ti ń ṣe iṣẹ́ míṣọ́n, fi wákàtí kan ṣáájú tiwa, nítorí náà bí ilẹ̀ kò bá tíì mọ́ níbí, mo ti mọ̀ pé o ti jí. Màá wá gbé fóònù lé àyà, màá máa retí.

Ilé wà. Àbúrò rẹ ti ríṣẹ́, kò sì sí ẹni tí kò tíì sọ fún. Wọ́n tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe, ó ṣì ń jò. Orúnkún mi kò burú púpọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ti hu eyín méjì, ó sì ti fi wọ́n bu ìyá rẹ̀ jẹ. Ó tó.

Ọ̀kan nínú àwọn tó wá sinmi láti ọ̀dọ̀ yín ló bá mi lẹ́yìn ìsìn. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ́jú o, ẹ kú ti ọmọkùnrin tí ì bá di àna yín." Mo ní, "Ẹ ṣeun o," bí ẹni tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà nígbà tí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé sí mi lára. Wọ́n ti kọ́kọ́ fi tó wa létí pé ibà pa òṣìṣẹ́ kan lọ́dọ̀ yín, ọ̀dọ́kùnrin. Mo tilẹ̀ ṣáájú àdúrà fún àwọn ẹbí rẹ̀ nínú ìpàdé àwọn ìyá. N kò mọ̀ pé ilé ara mi ni mo ń gbàdúrà fún.

Ẹni náà tún ní, lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé ìsìnkú, ìwọ lo kọ́ àwọn ọmọdé, ìwọ lo dá orin, ojú rẹ gbẹ, gbogbo ènìyàn ń yìn ọ́ pé ìgbàgbọ́ rẹ ga. Ó rò pé inú mi máa dùn. Ibi tí ẹ̀rù ti bà mí nìyẹn, Àbẹ̀kẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé o kò tíì sọkún.

N kò ní bi ọ́ pé kí ló dé tí o kò sọ̀rọ̀ ọmọkùnrin yẹn fún mi. Mo mọ ìdí rẹ̀. Ní pápákọ̀ òfúrufú, nígbà tí gbogbo yín ń ya fọ́tò, mo fà ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ní, "Iṣẹ́ Olúwa lo ń lọ ṣe o. O kò lọ wá ọkọ." O rẹ́rìn-ín, o tún okùn báàgì rẹ ṣe léjìká. Mo rò pé ọgbọ́n ni mo sọ. Àṣé ilẹ̀kùn ni mo tì.

Ìwọ náà mọ ìtàn Mary Slessor, míṣọ́nárì ará Scotland, tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọbìnrin ìjọ. Ó dé Kàlàbá ní 1876. Nígbà tó yá, ó gbà láti fẹ́ Charles Morrison, olùkọ́ kan níbẹ̀, àwọn aláṣẹ míṣọ́n kò sì gbà kí ọ̀gbẹ́ni náà lọ máa bá a gbé ní igbó Òkóyọ̀ng tí Mary wà. Mary ní òun kò ní fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ìgbéyàwó náà ṣe túká nìyẹn, kò sì fẹ́ ẹnikẹ́ni títí ó fi kú ní 1915. Bí mo bá sọ ọ́ débẹ̀, màá ní, "Ẹ rí i? Ẹ rí obìnrin tó fi ìfẹ́ sílẹ̀ nítorí Krístì?" Àìmọye ọdún ni mo fi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. N kò béèrè rí bóyá ó sùn lóru ọjọ́ tí lẹ́tà àwọn aláṣẹ dé. N kò tilẹ̀ sọ fún yín pé obìnrin tí kò nífẹ̀ẹ́ ẹnìkan kò ní ohun tó máa fi sílẹ̀. Bóyá ìwọ ń jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, o ń gbọ́ pé ẹni mímọ́ kì í fẹ́ràn ènìyàn ẹlẹ́ran ara.

Wò ó, mo ní láti bá ọ wí lórí ọ̀rọ̀ kan. Wọ́n ní Ọjọ́bọ̀ ni ara ọmọkùnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ọjọ́bọ̀! Wọ́n ní abúlé tí ẹ wà jìnnà, pé ẹ ní kí ìpàdé parí lọ́jọ́ Sátidé kí ẹ tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ta ló kọ́ yín bẹ́ẹ̀? Irú ibà tó wà ní apá ibẹ̀, tí wọn kò bá tọ́jú rẹ̀, láàárín wákàtí mẹ́rìnlélógún ó lè dojú rú, kó gòkè sórí, kó pa géńdé. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ìka ṣe kì í gbà tó ìdajì wákàtí. Bí ara rẹ bá gbóná, lọ́jọ́ náà gan-an ni kí o ṣe àyẹ̀wò, kí o lo oògùn rẹ tán, kí o sì sùn nínú àwọ̀n ẹ̀fọn. Bí ìpàdé bá fẹ́, kó túká. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ìgbàgbọ́ ọmọkùnrin yẹn ló kéré, sọ fún un kó lọ ka Tímótì Kejì orí kẹrin. Pọ́ọ̀lù, tí wọ́n ń gbé aṣọ ara rẹ̀ lọ bá aláìsàn tí aláìsàn ń dìde, ló kọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun fi Tírófímù sílẹ̀ ní Mílétù nínú àìsàn. Kò ṣàlàyé, kò sì tọrọ gáfárà.

N kò ní ìwọ lo pa á. Má kà á bẹ́ẹ̀. Jọ̀ọ́, tún ìlà yìí kà. N kò ní ìwọ lo pa á.

Ta ni èmi gan-an tí mo fẹ́ bá ẹnikẹ́ni wí lórí Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé?

Ẹ mọ̀ pé ẹ ní ẹ̀gbọ́n kan tó kú kí a tó bí yín. Ohun tí ẹ kò mọ̀ ni pé ara rẹ̀ ti ń gbóná láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fi ilé sílẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Àwa ẹgbẹ́ ajíhìnrere ń lọ sí òkè ààlà fún ọ̀sẹ̀ méjì, ọkọ̀ ti ń fọn fèrè níta. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà, mo wọ ọkọ̀. Kò sí fóònù nígbà náà. Nígbà tí mo padà dé, wọ́n ti sin ín láti ọjọ́ mẹ́rin. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mo dìde nínú ìjọ, mo ní, "Àlàáfíà ni." Mo dá orin. Àlùfáà wa ní kí gbogbo ìjọ wá kọ́ ìgbàgbọ́ lọ́dọ̀ mi. Bàbá yín jókòó níwájú, omi ń dà lójú wọn, mo sì fi ìgbọ̀nwọ́ gbún wọn, mo ní, "Ẹ nu ojú yín, wọ́n ń wò wá."

Wọ́n nu ojú wọn. Ọdún mọ́kànlélógún ni a tún jọ lò lẹ́yìn náà, wọn kò sì dárúkọ ọmọ náà létí mi mọ́, títí wọ́n fi lọ.

O rántí ọjọ́ tí a tú àpótí wọn, tí mo bú sẹ́kún tí ẹ kò lè pa mí lẹ́nu mọ́? Bàbá yín ni ẹ rò pé mo ń sun. Ìwọ lo gbé omi wá fún mi, o ní, "Màámi, ó ti tó." Bàtà ọmọdé kan ni mo rí nísàlẹ̀ àpótí náà, ẹsẹ̀ kan péré, wọ́n fi ìnujú wé e. Ó ti lé lógún ọdún tí bàbá yín ti ń dá sunkún ọmọ tí àwa méjèèjì jọ bí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ìtàn obìnrin Ṣúnémù, tí ọmọ rẹ̀ kú tó sá tọ wòlíì Èlíṣà lọ, lọ́nà mìíràn. "Àlàáfíà ni," lóòótọ́ ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ló sọ ọ́ fún nílé, àti Géhásì, ìránṣẹ́ Èlíṣà, lójú ọ̀nà. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ Èlíṣà, ẹsẹ̀ ni ó dì mú, Géhásì sì fẹ́ tì í kúrò. Èlíṣà ní, "Fi í sílẹ̀," nítorí pé ọkàn rẹ̀ bàjẹ́. Àbẹ̀kẹ́, o ti sọ "Àlàáfíà ni" fún àwọn Géhásì tó. Èmi ni mo kọ́kọ́ jẹ́ Géhásì sí ọ.

Láti ìgbà tí o ti lọ ni mo ti ń wá ìwé kà nípa etí odò Zambezi tí o wà yẹn, bí olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ṣe máa ń ṣe. Ní Chupanga ni wọ́n sin Mary ìyàwó David Livingstone, míṣọ́nárì nì, sí, lábẹ́ igi oṣè. Ibà kan náà ló pa á, ní oṣù kẹrin 1862, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì, kò sì tíì pẹ́ tó wá bá ọkọ rẹ̀. Livingstone tí gbogbo ayé ń pè ní akọni, ó kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé òun sọkún, ó ní fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé òun, ikú wu òun. N kò fẹ́ kọ ìlà yẹn sí ọ. Mo ti pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo dá a padà nítorí pé bí irú èrò bẹ́ẹ̀ bá ti wá bá ọ lóru, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé o lè sọ ọ́ sí mi létí, n kò ní bá ọ wí, n kò ní ka Bíbélì sí ọ. Pè mí. Ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru. Bí n kò bá sì gbọ́, jí obìnrin tí ẹ jọ ń gbé, kí o sọ fún un.

Ó ń ṣe mí bíi kí n ní kí o máa bọ̀ nílé. Mo ti pinnu pé n kò ní sọ ọ́. Máa bọ̀ nílé. Tàbí kí o dúró, bí ọkàn rẹ bá ní kí o dúró. N kò mọ èyí tó dára, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní ọ́fíìsì fi ìrírí ẹlòmíràn pinnu rẹ̀ fún ọ. Ṣùgbọ́n béèrè ìsinmi lọ́wọ́ wọn. Má dá ààwẹ̀ gbà nísinsìnyí. Jẹun.

Kọ̀wé sí ìyá ọmọkùnrin yẹn pẹ̀lú. Ìwọ lo mọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín ní oṣù tó kẹ́yìn, òun kò mọ̀ ọ́n. Bí ẹ kò tilẹ̀ tíì ṣe ìgbéyàwó, tí ẹnikẹ́ni kò pè ọ́ ní opó, kọ ọ́ sí i bẹ́ẹ̀.

Ṣé o rántí ìyá Àjàyí Crowther? 1821 ni wọ́n kó ọmọ náà lẹ́rú lọ. 1846 ni wọ́n tó fojú kan ara wọn, ọmọ ti di àlùfáà àti míṣọ́nárì. Crowther fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé àwọn kàn di ara àwọn mú ni, àwọn ń wo ara àwọn láìfọhùn, omi ń dà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá òun. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Kò sí ẹni tó wàásù fún ẹnì kejì. Bí o bá pè mí tí o kò rí ọ̀rọ̀ sọ, kí a ṣe bẹ́ẹ̀. Fi fóònù sétí, èmi náà á fi sétí. Owó ìpè kò kàn ọ́.

Mo ti tún owó náà fi ránṣẹ́. Lọ gbà á kí wọ́n tó dá a padà lẹ́ẹ̀kejì. Kọ orúkọ rẹ̀ sí mi pẹ̀lú, èyí tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ àti èyí tí ìwọ ń pè é. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń gbàdúrà lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, "ọmọkùnrin yẹn" ni mo sì ń pè é níwájú Ọlọ́run.

Èmi ni,
Màámi rẹ.