Bọ̀ọ̀dá mi, kí ni Dádì sọ fún yín lẹ́yìn mọ́tò lọ́jọ́ náà?

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ẹ kú òtútù Calgary. Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Mo pè yín títí, ẹ ò gbé e, ìyẹn ló jẹ́ kí n jókòó kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀.

Ọmọ yín ti yege. Àbẹ̀kẹ́ jà ní ìdíje eré idà ti àgbègbè lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, irú èyí tí ẹ̀yin náà jà nígbà yẹn, wọ́n sì ti mú un mọ́ àwọn tó máa lọ sí British Youth Championships lóṣù Karùn-ún. Abẹ́ ọdún 14 ló wà. Idà épée ló ń jà bíi tiyín, ọwọ́ òsì ló sì fi ń mú un bíi tiyín, láìjẹ́ pé ẹnì kan ní kó ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wọ jákẹ́ẹ̀tì funfun yẹn tán, tó fi ìbòjú bojú, tó tẹ orúnkún lórí ìlà, mo ní láti jáde síta díẹ̀.

A délé lálẹ́, kò tíì bọ́ aṣọ ìjà. Dádì wà lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀, wọ́n ní, "Àjàní, o ti jà tán?" Orúkọ yín ni wọ́n pè é. Ọmọ náà wojú mi. Mo ṣẹ́jú sí i pé kó dáhùn. Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Grandpa, mo ti jà tán." Wọ́n wá ní, "Ṣé o ò bínú sí mi?"

Bọ̀ọ̀dá mi, láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti sùn dáadáa.

Ẹ rántí alẹ́ Friday ní Woolwich. Mọ́mì á ti palẹ̀ abọ́ mọ́, Dádì á tẹ́ táwẹ̀lì funfun sórí tábìlì, wọ́n á gbé idà yín méjèèjì lé e. Wọ́n á tú súkúrù méjì tó di orí épée mú, àwọn tí kò tóbi ju kóró ata lọ, wọ́n á nu inú rẹ̀, wọ́n á wo sípíríǹgì rẹ̀ bóyá ó ti rọ̀, wọ́n á wá dà á pọ̀ padà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé òṣùwọ̀n 750 gíráàmù lé e lórí, bí rẹfirí ṣe máa ṣe é lọ́jọ́ kejì kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Tí orí idà bá ti òṣùwọ̀n náà sókè, inú wọn á dùn. Tí kò bá tì í, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Èmi ni mo máa ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Tí súkúrù kan bá já bọ́ sórí kápẹ́ẹ̀tì, gbogbo ilé á wà lórí ìkúnlẹ̀, Mọ́mì náà á kúnlẹ̀. Dádì tó ń wa bọ́ọ̀sì láti ìdájí ni o, tí wọ́n ṣì máa wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ṣọ́ọ̀bù ohun èlò eré idà Leon Paul níhà àríwá London lọ́jọ́ ìsinmi wọn nítorí súkúrù àti wáyà.

Àwòrán Peter Westbrook tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn wà lára firíìjì títí ó fi pọ́n. Wọ́n sọ ìtàn rẹ̀ títí tó fi sú yín: ọmọ aláwọ̀ dúdú tó gba idẹ fún Amẹ́ríkà ní Òlíńpíìkì Los Angeles lọ́dún 1984, tí ìyá rẹ̀ fi dọ́là 5 bẹ̀ ẹ́ kó tó gbà láti lọ kọ́ eré idà, tí òun náà wá dá ibì kan sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1991 kí ọmọ tálákà lè rí i kọ́. Dádì á ní, "Ìyá rẹ̀ fi dọ́là bẹ̀ ẹ́, èmi fi Supermalt bẹ ìwọ." Westbrook kú lọ́dún 2024. Kóòṣì Àbẹ̀kẹ́ ló sọ fún àwa òbí. Mo fẹ́ sọ fún Dádì, mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá wọn, mo padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti ọjọ́ náà, nítorí a ò sọ ọ́ rí.

Ọdún 2004, gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Kent. Níbi tí owó bá wà, irin ni wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ lábẹ́ àwọn tó ń jà, tó fi jẹ́ pé tí orí idà bá gún ilẹ̀, iná tó ń fi hàn pé idà ti kan ènìyàn kò ní tàn. Níbẹ̀, pákó lásán ni, tẹ́ẹ̀pù ni wọ́n fi la ilẹ̀. Ẹ ti jà láti àárọ̀. Ìjà tó kù yìí ló máa sọ bóyá wọ́n máa mú yín. 14 sí 14, àmì kan ló kù. Dádì dúró lẹ́yìn okùn, wọ́n di mí lọ́wọ́ mú débi pé ó ń dùn mí. Nínú épée, gbogbo ara ni ibi gígún, látorí dé bàtà, bàtà ọmọ náà sì ni ẹ lọ bá. Ẹ nara gbọọrọ, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, iná tiyín tàn, tiẹ̀ kò tàn. Rẹfirí nawọ́ sí ọ̀dọ̀ yín. Dádì pariwo, wọ́n gbé mi sókè kúrò nílẹ̀. Kí wọ́n tó sọ mí kalẹ̀, ẹ ti ṣí ìbòjú, ẹ ń sọ fún rẹfirí pé ilẹ̀ ni ẹ gún, pé ẹ ò kan bàtà.

Kò sẹ́ni tó rí i. Rẹfirí kò rí i. Ọmọ tí ẹ ń bá jà gan-an ti ń bọ̀ wá bọ̀ yín lọ́wọ́, ó ti gbà pé ó parí. Wọ́n pa àmì yẹn rẹ́, ẹ padà sórí ìlà, ọmọ náà sì gún yín ní ọrùn ọwọ́.

Gbogbo gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún yín. Kóòṣì dì mọ́ yín. Obìnrin òyìnbó kan wá bọ Dádì lọ́wọ́, ó ní wọ́n mọ ọmọ tọ́, Dádì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo wo ojú wọn, mi ò mọ ohun tí mo rí níbẹ̀.

Ìgbà tí a jáde ni wọ́n ní kí n wọ inú mọ́tò kí n jókòó. Ẹ̀yin méjèèjì lọ sẹ́yìn. Mo kúnlẹ̀ sórí ìjókòó, mò ń wò yín látinú gíláàsì. Dádì ń sọ̀rọ̀. Ẹ doríkodò, àpò idà ṣì wà léjìká yín. Mo rí ẹnu wọn tó ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Wọ́n gbé ọwọ́ lé yín léjìká, ẹ yẹ̀ ẹ́. Láti Kent dé Woolwich, kò sẹ́ni tó fọhùn. Mọ́mì ti dín dòdò dè yín, ẹ ò jẹ ẹ́. Friday tó tẹ̀ lé e, Dádì tẹ́ táwẹ̀lì sórí tábìlì, ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ wá. Wọ́n jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú gan-an, wọ́n wá ká a.

Ẹ ò fọwọ́ kan idà mọ́ láti ìgbà náà.

Kí ni wọ́n sọ? Mo ti fi oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ sí Dádì lẹ́nu. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo gbà pé wọ́n bú yín ni, pé wọ́n ka owó tí wọ́n ti ná lé yín lórí. Nígbà tí mo bímọ tèmi, mo sọ fún ara mi pé ó ní láti jẹ́ pé wọ́n yìn yín ni, pé ojú ló ń tì yín. Báyìí tí wọ́n ń bi ọmọ ọlọ́mọ bóyá ó ń bínú sí àwọn, mi ò mọ èyí tí mo tún máa gbà gbọ́. Mo bi Mọ́mì kí wọ́n tó lọ, wọ́n ní ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni. Ẹ̀yin nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n, ẹ sì gbé e pamọ́ sí Kánádà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé mò ń dá yín lẹ́bi nítorí ohun tí ẹ ṣe lójú ìjà lọ́jọ́ náà. Ó dára. Mo sọ ọ́ fún Àbẹ̀kẹ́ kó tó lọ sí ìdíje àkọ́kọ́, mo ní ẹ̀gbọ́n mi ni, mo ní òun náà gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń dùn mí ni pé ẹni tí kò lè gbé àmì tí kì í ṣe tirẹ̀ jẹ níwájú àlejò lè gbé ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ mì láti ọdún yẹn wá. Tí ohun tí wọ́n sọ bá burú, wọ́n ti san án. Ìṣojú mi ni wọ́n ti san án.

Lọ́jọ́ 31 oṣù Keje ọdún 2012, nígbà tí wọ́n ń jà nínú Òlíńpíìkì ní gbọ̀ngàn ExCeL ní London, odò nìkan ló wà láàárín àwa àtiwọn. Alaaeldin Abouelkassem, ọmọ Íjíbítì, bọ́ sí àṣekágbá foil, irú idà mìíràn. Dádì kò jókòó. Ìgbà tó gba fàdákà, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gba àmì-ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì nínú eré idà, fóònù ti wà létí wọn, ẹ̀yin ni wọ́n ń pè. Ẹ ò gbé e. Wọ́n fi ohùn sílẹ̀: "Àjàní, ṣé ò ń wò ó? O rí ọmọ yẹn?" Mo wà níbẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́ ohùn yẹn rí? Nígbà tí Mohamed Elsayed, ọmọ Íjíbítì mìíràn, gba idẹ nínú épée gan-an ní Paris lọ́dún 2024, mo yí àga wọn kọjú sí tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n bi mí pé kí ni àwọn aláṣọ funfun yìí ń wá. Èyí tí ẹ bá fẹ́ bá wọn sọ, ìgbà tí wọ́n ń pè yín yẹn ló yẹ kí ẹ ti sọ ọ́.

Ọ̀kan nínú idà yín ni Àbẹ̀kẹ́ ń lò. Mo bá wọn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì Dádì, wọ́n fi táwẹ̀lì wé wọn. Èyí kan ti dípẹtà kọjá àtúnṣe, kíláàbù bá wa yí wáyà èkejì padà. Idà méjì ni ọmọ gbọ́dọ̀ gbé wá sí ìdíje, kíláàbù ló ń yá wa ní ìkejì. Èmi ni mò ń tú súkúrù báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo yíjú láti mú fóònù, ìgbà tí mo máa wo tábìlì, súkúrù kan ti lọ. Dádì ló fi sẹ́nu. Mo fi ìka yọ ọ́, wọ́n gé mi jẹ. Àbẹ̀kẹ́ ń wò wá.

Irú ilé tí a ń gbé nìyẹn. Wọ́n máa ń jí láago mẹ́ta òru láti lọ wa bọ́ọ̀sì. Mo ti bá wọn ní bọ́sítọ́ọ̀pù pẹ̀lú pajámà, wọ́n ń bá mi jà pé mo fẹ́ kí wọ́n pẹ́ dé ibi iṣẹ́. Káńsù ń fún wa ní olùtọ́jú fún wákàtí díẹ̀ láàárọ̀, wọ́n tún fẹ́ dín in kù. Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Obìnrin tó wà nílẹ̀ kejì ló ń bá mi sùn tì wọ́n, mi ò sì mọ ìgbà tó máa sọ pé ó ti tó. Ọ̀gá mi ti kìlọ̀ fún mi lórí ọjọ́ tí mi ò wá. Bàbá Àbẹ̀kẹ́, ẹ mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ọ̀hún ṣe rí. Owó yín ń wọlé, mi ò ní sẹ́ ẹ, Ọlọ́run á máa bù sí i. Ṣùgbọ́n owó kì í gbé Dádì dìde lóru lọ sí ilé ìtọ̀, ọwọ́ kan ò sì gbẹ́rù dórí. Ó ti rẹ̀ mí, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó rẹ̀ mí débi pé lọ́jọ́ tí ọmọ mi yege, ohun àkọ́kọ́ tó wá sí mi lọ́kàn ni ta ló máa dúró ti Dádì.

Nítorí ìdíje oṣù Karùn-ún yẹn jìnnà sí London, a máa sùn níbẹ̀ mọ́jú. Obìnrin tó máa ń bá mi sùn tì wọ́n ń lọ sílé nígbà yẹn, ọmọ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí ẹ bá fẹ́ dúró ti Dádì, èmi á mú Àbẹ̀kẹ́ lọ. Tí ojú wọn bá wúwo fún yín, ẹ mú Àbẹ̀kẹ́ lọ, èmi á dúró. Inú rẹ̀ á dùn sí i ju kí èmi mú un lọ, nítorí kò sí nǹkan tí kò tíì bi mí nípa yín. Tí ẹ bá ti dé, ẹ jókòó ti Dádì kí ẹ sì dá wọn lóhùn, ìbáà jẹ́ pé ẹ ṣì ń bínú. Èmi ẹ lè má sọ ohunkóhun fún mi.

Ibi iṣẹ́ mi ń fẹ́ mọ ọjọ́ tí mi ò ní wá kí oṣù Kẹta tó parí, wọ́n sì ní kí a forúkọ ọmọ sílẹ̀ kí a sì san owó rẹ̀ láìpẹ́. Nítorí náà, ẹ wo iye tíkẹ́ẹ̀tì lónìí. Tí ẹ ò bá ní wá, ẹ kọ ọ́ sí mi pé ẹ ò wá, kí n lè lọ wá ẹlòmíràn. Ẹ má fi "a máa rí i" dá mi lóhùn.

Èmi ni àbúrò yín,
Àjọkẹ́